Ilẹ̀ Tó Ń Mu Omi

Ṣúgà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà ní tíì tí kò dùn, omi gbígbóná lásán ni. Onídìrí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní dókítà ti sọ pé kóró kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i. Ìyá béèrè bóyá dókítà ló bí òun ni àbí òun lòun bí dókítà. Onídìrí fi ẹ̀rín mú ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé páálí ṣúgà gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ kò lè dé.

"Màmá, ẹ máa bínú sí mi. Ẹ ṣáà má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ta ló ń kú? Ìwọ lo fẹ́ fi tíì kíkorò pa mí." Ìyá ki búrẹ́dì bọ inú ife, ó jẹ ẹ́, ó yínmú. "Wọ́n ní ọmọ mi fẹ́ onídìrí. Ọlọ́pàá ló fẹ́."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn, bẹ́ẹ̀ obìnrin méjèèjì kì í lè jẹun tán láì bu òkèlè ẹnu ara wọn. Baálé ilé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníntálọ́ọ̀kì nítorí iṣẹ́ bíríkì ilẹ̀ tó ń ṣe, máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa fi ìjà wọn ṣe ẹran jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń wo ojú ọ̀run tó ti ṣú lápá kan.

"Bẹ́ẹ̀dì Màmá yìí," ó ní, "ṣé kò yẹ ká dá àwọn bíríkì ìjọ́sí padà sábẹ́ ẹ̀, kó ga díẹ̀?"

Onídìrí yíjú sí i. "Kó tún ga kẹ̀? Kí wọ́n tún máa pè wá ká gbé wọn sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó tọ̀? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé omi ò ní wọlé yìí mọ́."

"Mo kàn sọ ọ́ ni."

"Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ o."

"Mo máa jẹ níbi iṣẹ́," ó dáhùn, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó lọ. Ìyá Àgbà tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú. Ó ní ọkùnrin tí kò jẹun kó tó jáde, nǹkan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Onídìrí ní kí Màmá fi ọmọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n mu oògùn. Nígbà tí arúgbó náà sùn padà, Onídìrí ti ilẹ̀kùn láti ìta bó ṣe máa ń ṣe, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, nítorí olè, àti nítorí pé Ìyá máa ń gbàgbé pé ẹsẹ̀ òun ò gbé òun mọ́, á fẹ́ jáde wá wo àwọn èèyàn.

Ilé wọn ló kẹ́yìn nísàlẹ̀ òpópónà, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ bí inú abọ́. Nígbà tí gbogbo àgbàlá ṣì jẹ́ erùpẹ̀, òjò á rọ̀, ilẹ̀ á mu ún, ayé á lọ. Ẹnì kan wá ra mọ́tò, ó da kọnkéré láti ògiri dé ògiri kí ẹrẹ̀ má baà ba táyà jẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó ní ta ni yóò fi òun ṣe ẹni ẹ̀yìn, òun náà da tirẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe bo ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú sì jẹ́ kí tirẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí títì kí omi lè tètè di ti ẹlòmíràn. Bí òjò bá dá, wọ́n á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á ní ilé àwọn gbẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn àgbà ní eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Irọ́ ni, ní òpópónà yẹn. Eji lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ ilé àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Onídìrí wà lókè, ó kọjá ilé tó wà lókè jù ní òpópónà náà díẹ̀, ilé ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Òkè. Tíṣà kan ló jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kò fi ìwọ̀n rọ̀ rárá. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń pariwo débi pé wọ́n ní láti máa kígbe bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ilé yín nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́?" tíṣà béèrè. "Ṣé ẹ ò ní lọ wò ó?"

Onídìrí rẹ́rìn-ín. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. A ti kọjá ìyẹn. Ọkọ mi ti kọ́ ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mu omi."

Ó wá ń ròyìn, ìka rẹ̀ ò sì dúró lórí irun. Bàbá Òkè fẹ́ sọ àgbàlá rẹ̀ tó tóbi bíi pápá di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ká ní kọnkéré ló dà síbẹ̀ ni, gbogbo omi àgbàlá náà, orí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà ni ì bá máa fàbọ̀ sí. Oníntálọ́ọ̀kì lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jẹ́ kí òun ṣe irú èyí tó ń mumi. Ó gbẹ́ ihò kékeré sáàárín àgbàlá, ó da omi kún un, ó lóṣòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná, títí omi náà fi wọlẹ̀ tán. Ó ní ilẹ̀ náà ń mu, kò kàn yára ni, nítorí náà òkúta abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn dáadáa, kí omi ráyè jókòó síbẹ̀ de ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n wà á jìn. Kò jẹ́ kí katakata kankan gun ìsàlẹ̀ kòtò náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un, nítorí ilẹ̀ tí a bá ti gún le, a ti pa á lẹ́nu dé. Òkúta ńlá tí a ti fọ eruku kúrò lára wọn ló kọ́kọ́ dà, ó da àwọn tó kéré lé wọn, ó da wẹ́wẹ́ sórí, kó tó to bíríkì. Láàárín bíríkì àti bíríkì, ó fi àlàfo tí ọmọńdinrín lè wọ̀ sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ náà ló sì rọ sínú ẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irú iṣẹ́ wo nìyí, àgbàlá eléjí. Ó ní ẹ̀rín eléjí ló máa ń dùn wò. Ó ní òun ò tilẹ̀ ta bíríkì fún Bàbá Òkè, èjí yẹn gan-an lòun tà. Nígbà tó parí rẹ̀, ó da garawa omi kan sórí rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, omi náà sì wọlẹ̀ kí wọ́n tó pajú dé. "Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu," ó wí, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ti rọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yàrá Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ tutù. Ìgbà náà ni Onídìrí yọ àwọn bíríkì kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí arúgbó lè máa fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ẹnì kan fò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò dé fìlà, kò gbé àpò, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Oníntálọ́ọ̀kì ni. Onídìrí fi gbogbo ohùn pè é. Kò wo ẹ̀gbẹ́, àfi bíi pé kò gbọ́.

"Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán," tíṣà wí, ó ti ń dìde. "Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹ máa lọ. Mo máa wé gèlè lé ìyókù."

Onídìrí jáde sínú òjò. Ó rò pé bóyá iná ló jó ní ibi iṣẹ́ tàbí ẹnì kan ló fara pa. Ọkàn rẹ̀ kò lọ sórí Ìyá Àgbà rárá, àfi ìgbà tó dé iwájú gẹ́ètì Bàbá Òkè tó sì rí i pé omi ń bọ́ láti abẹ́ gẹ́ètì náà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ti ṣí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́ètì sílẹ̀. Omi ń yọ̀ lórí bíríkì látòkè délẹ̀ bí omi tí a dà sórí àwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ àlàfo kan. Ó le. Ó gbìyànjú òmíràn. Sìmẹ́ńtì ni.

Ó mọ ọwọ́ tó ṣe é. Gbogbo àwọn oníṣẹ́ yòókù máa ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì já sórí bíríkì, ó máa ń ta àbàwọ́n sí i. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló máa ń fi fóòmù tútù nu etí bíríkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ́. Etí gbogbo bíríkì yìí mọ́ tónítóní. Ó dìde, ó sáré.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Omi tó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dé e ní orúnkún lẹ́nu ọ̀nà. Oníntálọ́ọ̀kì ti fi èjìká já ilẹ̀kùn, ó sì ń gbé ìyá rẹ̀ jáde, bí a ṣe ń gbé ọmọ tó ti sùn. Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ́ dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti ìta, ibẹ̀ ló ti di irin mú kí orí rẹ̀ má baà rì. Ìka rẹ̀ ò tètè ṣí nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e. Nínú yàrá, búrẹ́dì àárọ̀ ń léfòó, bàtà ń léfòó. Páálí ṣúgà nìkan ló gbẹ, lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì ní pèpéle tó ga. Òun ló ń ké pè wọ́n. Ó fọwọ́ gbá gbogbo aṣọ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ jọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá iwájú, ó ní kí wọ́n tẹ́ Ìyá sórí ẹ̀.

"Aṣọ oníbàárà yín ni," Onídìrí wí.

"Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́."

Wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bò ó, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè pé kó wá fi ọkọ̀ gbé wọn lọ ọsibítù dúró lókè, ó ní ẹ̀rọ ọkọ̀ òun ò lè wọ irú omi yẹn, kí wọ́n ní sùúrù kí òjò rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́, Aránṣọ ní ara Ìyá ti ń yá, ó sì fẹ́ máa dúpẹ́. Onídìrí mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà la ojú, ó wò wọ́n, ó gbé ojú dúró lára ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa," arúgbó náà wí, ó sì di ojú padà. Òjò kò tíì dá nígbà tí ó dákẹ́.

Àwọn aládùúgbò pé. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: àwọn tí wọn ò kíra láti ọjọ́ yìí wá fara pọ̀ sábẹ́ páànù Aránṣọ. Ọ̀kan ní ọjọ́ Ìyá ló pé, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Òmíràn ní ẹ má sunkún jù, ikú àgbà ni, wọ́n ti gbó, wọ́n ti tọ́.

"Ikú àgbà kẹ̀?" Aránṣọ dá wọn lóhùn. "Ṣé inú omi àgbàlá ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń kú ikú àgbà? Ẹ gbà mí o."

Ó kéré tán, mẹ́ta nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti da kọnkéré sí àgbàlá tiwọn. Wọ́n ń wo òjò.

Onídìrí bá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tó ti fara ti ògiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ lo dí i."

Oníntálọ́ọ̀kì mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn àna Bàbá wá kí wọn. Gìgísẹ̀ bàtà ìyá ọkọ ọmọ wọn há sáàárín bíríkì, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú, àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí wọ́n lọ pè mí wá. Wọ́n bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé iṣẹ́ tí mo ṣe tí mi ò parí nìyí. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í dí i kí ilẹ̀ tó ṣú."

"O wá ní kí ni?"

"Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, torí omi ni.' Wọ́n ní ṣé mò ń bá àwọn jiyàn ni, níwájú àlejò?" Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò. "Mo dọ̀bálẹ̀."

"O dọ̀bálẹ̀."

"Àgbà ni wọ́n."

"Màmá ńkọ́?" Onídìrí wí. "Ọmọdé ni Màmá?"

Omi ń kán láti etí páànù sí àárín àwọn méjèèjì.

"Láàárọ̀ yìí tí o wo ojú ọ̀run, tí o ní ká gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ká ní o sọ ìdí ẹ̀ fún mi, ṣé mi ò ní gbé e ni? Ṣé mi ò ní gbé wọn wá sílé Aránṣọ, kí n tó lọ jókòó ti irun?"

"Ojú tì mí."

Wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ọkùnrin náà ti gbé tirẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ń bẹ Ọlọ́run kí òjò má rọ̀, bí ẹni pé Ọlọ́run ló po sìmẹ́ńtì. Onídìrí fẹ́ bú u. Ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá a láyà. Ṣùgbọ́n ó rántí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, àti bí òun ṣe jókòó lókè tó ń yangàn nípa ilẹ̀ tó ń mumi, nígbà tí arúgbó di irin ilẹ̀kùn mú tó ń pe òun. Ó dá a lójú pé Ìyá pe òun. Ta ni ì bá tún pè? Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé e.

Òjò ti dá nígbà tí Bàbá Òkè dé. Awakọ̀ rẹ̀ di agbòjò lé e lórí bí òjò tilẹ̀ ti dá, nítorí àwọn igi ṣì ń kán. Ó tẹ àwọn ibi tó ga títí ó fi dé àtẹ̀gùn Aránṣọ, ó sì dúró síbẹ̀ kí bàtà rẹ̀ má baà kan ẹrẹ̀. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí i. Èèyàn tó ní ojú àánú ni, ojú rẹ̀ sì pọ́n nítòótọ́.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sáfẹ́fẹ́ rere." Ó wo omi tó ṣì dúró nínú ilé ọ̀hún, ó mirí. "Ìjọba yìí náà ni. Ìgbà mélòó la ti kígbe pé kí wọ́n ṣe gọ́tà fún wa? Wọn ò ka ẹ̀mí èèyàn sí."

"Ìjọba náà ni, sà," ẹnì kan wí.

Aránṣọ ń tú òwú kúrò lára abẹ́rẹ́. Kò gbójú sókè. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́," ó wí, bí ẹni tó ń bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Awakọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Òkè ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi wá, ó sì béèrè ọmọ olóòkú.

Oníntálọ́ọ̀kì jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ibi tó ti fojú kan bàbá náà ló dọ̀bálẹ̀ sí gbalaja, nínú ẹrẹ̀, tàyà-tojú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," Bàbá Òkè wí. "Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ lásìkò yìí. Mo mọ̀ pé ìnáwó òkú ò kéré. Ẹ̀yìnkùlé mi tó ṣẹ́kù yẹn ṣì jẹ́ erùpẹ̀, ó ń ba ojú mi jẹ́. Tí ẹ bá ti sin Màmá tán, wá bá mi tẹ́ ẹ, mo máa san án dáadáa. Má wulẹ̀ dá ara ẹ láàmú pé ò ń fi àlàfo sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Sìmẹ́ńtì ni kó o fi dí i látìbẹ̀rẹ̀, ká parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Inúure ló fi sọ ọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Onídìrí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń retí lẹ́nu ọkọ rẹ̀, kò sì ní kó gùn, kò ní kó le, kódà bó bá dákẹ́ lásán, òun á gbà á, òun á fi orí jì í. Gbogbo àwọn tó wà lórí pèpéle náà ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin tó dojú bolẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Oníntálọ́ọ̀kì wí. "Ẹ ṣeun, sà."

Bàbá Òkè gbàdúrà fún wọn, wọ́n ṣe àmín, ó sì bá ibi tó ga padà lọ sókè. Ọkùnrin náà kò dìde. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ìgbà náà ló wá hàn pé ó ti gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Aládùúgbò kan fẹ́ lọ gbé e. Aránṣọ fọwọ́ dá a dúró, ó sì wo Onídìrí, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ni ó yẹ kó sọ pé kó dìde.

Onídìrí kò sọ ọ́. Ó wọlé lọ bá òkú, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí Ìyá Àgbà lé itan, ó ní kí Aránṣọ bá òun wá òòyà. Ọkọ rẹ̀ pè é láti ìta. Ó tún pè é. Onídìrí ń ya irun náà sí méjì láti iwájú orí dé ìpàkọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó lè dun Ìyá, omi àgbàlá òkè sì ń kán láti inú rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà.